Ta Ló Ní Bahia Jìn Ju Lọ́ndọ̀nù Lọ?

Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìdúró. Ẹ má sì dárúkọ mi níbì kankan o, nítorí Ìyá Ìbejì kì í gbàgbé ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe ẹ̀rín. Obì ló ń tà lẹ́nu ọ̀nà àgbàlá wa ní Ìsàlẹ̀ Èkó níbí. Kẹ́hìndé ọmọ rẹ̀ wà ní Lọ́ndọ̀nù, Táyé wà ní Muṣin, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé àgbàlá yìí títí kí ẹ má mọ̀ pé Táyé wà láyé. Bí ẹ bá kí Ìyá Ìbejì pé ẹ kú àárọ̀, á ní, "A dúpẹ́, Kẹ́hìndé ṣẹ̀ṣẹ̀ pè mí láti Lọ́ndọ̀nù ni." Bí òjò bá ń rọ̀, á ní ti Lọ́ndọ̀nù kì í pariwo báyìí. Ọjọ́ tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ, ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó máa sọ. A ti gba fún un. Ẹni tọ́mọ rẹ̀ bá wà ní Ìlú Ọba, ẹ jẹ́ kó gbádùn ẹ̀.

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni Télọ̀. Ẹ kúkú mọ Télọ̀. Òun ló ń gbé yàrá tó dojú kọ ilé ìdáná, òun náà ni léèsì mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti Iléyá. Iléyá ti lọ, Kérésìmesì ti lọ, Iléyá mìíràn ti ń bọ̀, léèsì ò tíì sọdá láti orí máṣíìnì rẹ̀ wá sí yàrá mi. Bẹ́ẹ̀, bí mo bá sín nínú yàrá mi, òun ló máa kọ́kọ́ sọ pé "ẹ pẹ̀lẹ́". Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ọ̀rọ̀ bí ibì kan ṣe jìnnà síbì kan la fẹ́ sọ.

Télọ̀ wá sídìí ẹ̀rọ omi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní àbúrò òun, Àlàbí onígángan, ti rí físà gbà. Wọ́n ní kó wá máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ìlù ní Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia. Gbogbo wa kí i kú oríire. Ìyá Ìbejì nìkan ló gbé kòròbá rẹ̀ sílẹ̀.

"Bahia ti ibo?"

"Ti Bràsíìlì, mà."

"Yéè! Mo gbé! Ibi tí ilẹ̀ ayé pin sí! Kí ló dé tí kò lọ sí Lọ́ndọ̀nù tó wà nítòsí wa níbí? Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ péré ni Kẹ́hìndé mi fi ń dé. Ìwọ wá fẹ́ rán ọmọ ọlọ́mọ lọ síbi tó jẹ́ pé kó tó débẹ̀, irùngbọ̀n á ti hù lójú ẹ̀!"

Télọ̀ jẹ ìyá yìí lówó obì, ó ní "bẹ́ẹ̀ ni, mà." Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ Lándílọ́ọ̀dù wà níbẹ̀ tó ń fọnu. Ọmọ yìí ń kọ́ iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ nílé ìwé, láti ìgbà náà kò sì sí ohun tí kì í wọ̀n. Ó ti wọn ògiri tó pín wa níyà pẹ̀lú ilé kejì, ó ní wọ́n jẹ wá ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ìjà yẹn ṣì wà nílẹ̀, ẹ jẹ́ n fi ìyẹn sílẹ̀. Ó yọ búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, ó ní, "Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, mà. Bí Lọ́ndọ̀nù ṣe jìn sí wa náà ni Salvador ṣe jìn sí wa."

Ẹ̀rín tí Ìyá Ìbejì rín lọ́jọ́ yẹn, àwọn ará ilé kejì yọjú.

Ọmọ náà mú fóònù jáde. Láti pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà sí Heathrow ní Lọ́ndọ̀nù, bí ẹyẹ bá ń fò lọ gbọnrangandan, bíi kìlómítà 5,000 ni. Láti Ìkẹjà yẹn kan náà sí pápákọ̀ òfuurufú Salvador, bíi 5,090. "Ìyàtọ̀ tó wà láàárín wọn, mà, kò tó Èkó sí Ìbàdàn."

"Fóònù tó ń sọ pé bátìrì òun kún tó sì ń kú lójú ọ̀nà, ṣé òun lo ní kí n gbà gbọ́?"

Ó bá ní kí wọ́n fún òun ní ọsàn. Mo fún un ní ọ̀kan nínú tèmi, wọn ò sì tíì dá owó rẹ̀ padà fún mi di bí a ṣe ń wí yìí. Ó fi báírò sàmì mẹ́ta sí i lára, Èkó, Lọ́ndọ̀nù, Salvador. Ó ní kí Télọ̀ mú òwú wá. (Òwú yẹn ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà ju bó ṣe ṣiṣẹ́ sára léèsì mi lọ.) Ó na òwú láti Èkó dé Lọ́ndọ̀nù, ó gé e. Ó gbé òwú kan náà, ó nà án láti Èkó sọ́nà Salvador, ó sì kù díẹ̀ báyìí kó kàn án. Àgbàlá pa rọ́rọ́.

Ó ṣàlàyé fún wa pé máàpù tó wà lára ògiri ló ń tàn wá jẹ, nítorí wọ́n fi tipátipá tẹ́ ohun tó rí róbótó pẹrẹsẹ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Omi ló ń dẹ́rù bà wá. Ẹni tó ń lọ sí Lọ́ndọ̀nù, tó bá ti kọjá ilẹ̀ Háúsá, orí Niger ni, orí Algeria ni, aṣálẹ̀ Sàhárà tó ṣòro fẹsẹ̀ rìn já, kó tó wá kan òkun Mẹditaréníà àti ilẹ̀ Faransé. Kò sẹ́ni tó ń ka gbogbo iyanrìn yẹn mọ́ ìrìn àjò. Ṣùgbọ́n ẹ ní òkun Àtìláńtíìkì, kíá, gbogbo ènìyàn á dọwọ́ borí. Bẹ́ẹ̀, bàálù ò fẹsẹ̀ kan èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Bàálù ńlá ń sá tó bíi kìlómítà 900 ní wákàtí kan tó bá ti gun òkè tán. Ẹ fi pín 5,000, ẹ máa rí i pé kò tó wákàtí mẹ́fà. Ẹ fi ti ìgbéra kún un, ẹ fi ti yíyípo wá ibi bà sí i kún un, ó di mẹ́fà ààbọ̀ Ìyá Ìbejì. Bó ṣe máa rí náà nìyẹn fún Salvador bí bàálù bá lọ tààrà. Kódà èrè wà níbẹ̀, nítorí aago tiwọn fi wákàtí mẹ́rin rẹ̀yìn sí tiwa. Ẹni tó bá gbéra ní Èkó ní aago mẹ́wàá àárọ̀, aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán ni yóò bà síbẹ̀. Á bá wọn jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Fọkanáísà tó wà níwájú ilé ti ń tẹ́tí látìgbà yìí. Ọkùnrin yìí kì í dá sí ọ̀rọ̀ tó rọrùn. Ó ní, "Ṣé lóòótọ́ layé ń yí?" A ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ó dáa. Kí bàálù gòkè láti Ìkẹjà, kó dúró sójú kan, kó má lọ síbì kankan. Ayé á máa yí lọ nísàlẹ̀ ẹ̀. Nígbà tí Bràsíìlì bá dé abẹ́ ẹ̀, kó sọ̀ kalẹ̀. Epo á dín kù."

Ẹ má fi rẹ́rìn-ín, ó ronú dáadáa o! Ọmọ Lándílọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ mí kanlẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ní ọ̀nà ìlà oòrùn layé ń yí sí, àti pé bó bá ṣe bí Fọkanáísà ṣe sọ ọ́ ni, kò ní tó wákàtí mẹ́ta tí ìhà Bahia máa fi dé. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ náà ń bá ayé yí ni, bàálù sì wà nínú afẹ́fẹ́. Ní ìhà ọ̀dọ̀ wa níbi tó súnmọ́ ìlà tó dá ayé sí méjì yìí, ilẹ̀ ń sáré tó bíi kìlómítà 1,670 ní wákàtí kan. Bí afẹ́fẹ́ ò bá bá a lọ ni, kò ní ku páànù kan lórí ilé kankan ní Èkó. Fọkanáísà wojú òkè, ó wo páànù ìsọ̀ rẹ̀, ó padà sídìí táyà.

Ìyá Ìbejì kàn jókòó ni, ó ń pa obì. Nígbà tó yá, ó gbójú sókè, ó bi Télọ̀ ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Bàálù tààrà yẹn, ta ló ní in? Àlàbí rẹ, kí ni wọ́n kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀?"

Ẹ wá wo ojú Télọ̀. Àfi ìgbà tó mú tíkẹ́ẹ̀tì wá tí a kà á. Ìkẹjà sí Addis Ababa. Addis Ababa sí São Paulo. São Paulo sí Salvador.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibo ni Addis Ababa wà? Etiópíà! Ìlà oòrùn! Ẹni tó ń lọ sí ìwọ̀ oòrùn kọ́kọ́ kọ̀yìn síbi tó ń lọ, ó rin bíi kìlómítà 3,900 jìnnà sí i. Ó dé ọ̀hún, ó jókòó dìgbà tí bàálù kejì máa gbéra, bàálù kejì wá gbé e padà gba orí ilẹ̀ Áfíríkà tó ti sọdá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e gba orí òkun, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 10,000. Ìyẹn gan-an, ó kọjá Salvador lọ sísàlẹ̀ ni, nítorí São Paulo ló bà sí. Ó wá ku nǹkan bíi 1,450 tó máa fi padà sókè. Ọmọ Lándílọ́ọ̀dù ro ó pọ̀, ó lé ní 15,000. Ìlọ́po mẹ́ta ohun tí òwú wọ̀n lára ọsàn! Ẹ fi ti ìdúró kún un, ọ̀sán kan òru kan lè kọjá lórí èèyàn lọ́nà.

Télọ̀ ní wọ́n ti kọ́kọ́ fi ọ̀nà Lisbon lọ̀ wọ́n, pé ìyẹn yá. Wọ́n wọn ìyẹn náà. Bíi 3,800 láti Èkó dé Lisbon, 6,500 láti Lisbon dé Salvador: ìlọ́po méjì. Ẹ gbọ́, ọ̀dọ̀ àwọn Potogí ni èèyàn tún ti fẹ́ gba ọ̀nà kó tó rí ìbátan rẹ̀ ní Bahia, láyé tí a wà yìí. Òwò ẹrú táwọn èèyàn yẹn fi àwọn ìyá ńlá wa ṣe, wọn ò mú wọn yí gba Lisbon nígbà náà o. Tààrà ni wọ́n kó wọn láti etíkun wa.

Àwọn àgbà ní ojú ọ̀run tẹ́yẹ fò láì fara kan ra. Ẹyẹ nìyẹn. Ti bàálù, ibi tí owó bá gbà ló ń gbà. Kẹ́hìndé àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pọ̀ ní Lọ́ndọ̀nù, akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ, aláìsàn ń lọ, àwọn tó ń lọ jẹ ìgbéyàwó fún ọjọ́ méjì ń lọ. Àwọn òyìnbó tó gba Èkó lọ́wọ́ Dòsùmú ní 1861 ti fi ìlú wọn síwájú wa tipẹ́, ọ̀nà ibẹ̀ ti là. Bahia ní tiẹ̀, ìbátan wa ló kún ibẹ̀, ṣùgbọ́n ìbátan ò kún àga bàálù.

Ibi tí a bá a dé nìyẹn tí Bàbá Àgbà fi rẹ́rìn-ín láti ojú fèrèsé wọn. Ilé wọn ni ilé iwájú tó ní òdòdó sìmẹ́ńtì lókè fèrèsé yẹn, tí àwọn àjèjì máa ń wá ya fọ́tò rẹ̀. Àgùdà ni wọ́n, ìran àwọn tó ti Bràsíìlì padà wálé. Orúkọ bàbá wọn, ẹnu mi ò gbé e. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé a kò rí ọ̀nà tààrà rí."

Wọ́n ní nígbà tí àwọn Mùsùlùmí, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Yorùbá, dìde ìjà ní Salvador ní oṣù January 1835, tí ìjọba ibẹ̀ wá ń fúngun mọ́ gbogbo ọmọ Áfíríkà, ọ̀pọ̀ àwọn tó ti ra ara wọn padà ló wọkọ̀ ojú omi, wọ́n forí lé ilé. Àwọn kan sọ̀ sí Ouidah, àwọn kan sí Agoué àti Porto-Novo, àwọn kan wá sí Èkó níbí, wọ́n tẹ Pópó Àgùdà dó. Bíríkìlà wọn, káfíńtà wọn, kò ní àfiwé. Mọ́sáláṣí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní 1894, Àgùdà ló kọ́ ọ, João Baptista da Costa, onígbàgbọ́ ni! Ilé Omi ní Kákáwá, ti ìdílé da Rocha, àwọn náà ti Bahia dé.

"Ọkọ̀ sì ń lọ, ọkọ̀ ń bọ̀," bẹ́ẹ̀ ni Bàbá Àgbà wí. "Tiwa ń kó epo pupa lọ, ọṣẹ dúdú, aṣọ òkè, obì. Tiwọn ń kó tábà bọ̀ àti ọtí ìrèké." Wọ́n ní ìrìn náà lè gbà tó oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀, bí atẹ́gùn bá ṣe fẹ́ ẹ sí. Ìgbà tí kò bá fẹ́ ẹ ńkọ́? Wọ́n ní ẹ bi àwọn tó wọ Aliança ní 1899. Bahia ló ti gbéra, Èkó ló ń bọ̀, atẹ́gùn kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lójú agbami, ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n fi wà lórí omi.

Mo bi wọ́n pé, ọkọ̀ tó ń fi èéfín rìn ò tíì sí nígbà yẹn ni? Wọ́n ní ó wà. Gómìnà kan wà ní Èkó, Alfred Moloney, ó fẹ́ràn ọ̀rọ̀ Bràsíìlì bí ẹni pé ibẹ̀ ni wọ́n ti bí i. Òun ló ṣe wàhálà tí ọkọ̀ ojú omi kan tí wọ́n ń pè ní Biafra fi rìn láàárín Èkó àti Bahia ní 1890. Àwọn èèyàn jó lọ sétí òkun. Ìrìn náà ò lọ jìnnà tó fi dáwọ́ dúró. Owó tí wọ́n ná sí i ju èyí tí wọ́n rí lọ.

Ọmọ Lándílọ́ọ̀dù ò lè gbọ́ ìtàn kó má fi tirẹ̀ kún un. Ó ní ní oṣù May 1930, ọmọ Faransé kan, Jean Mermoz, fi bàálù kékeré kan gbéra ní Saint-Louis ní Sẹ̀nẹ̀gà, ó kó àpò lẹ́tà, ó sì dé Natal ní Bràsíìlì ní bíi wákàtí 21. A jọ wo tíkẹ́ẹ̀tì Àlàbí lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́tà! Lẹ́tà tó sọdá òkun ní 1930 yára ju onígángan tó wọ bàálù mẹ́ta lọ!

Ìyá Ìbejì ti ń rẹ́rìn-ín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ báyìí, ó rò pé òun ti borí. N kò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ mí. Mo ní, "Ìyá Ìbejì, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ yín yìí, láti ibo lẹ ti ń kà á?" Nítorí mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Kẹ́hìndé ń padà lọ gbẹ̀yìn. Bàálù òru ló fẹ́ wọ̀. Àárọ̀ ni wọ́n ti ń wọn báàgì lórí ìwọ̀n alápatà, wọ́n yọ èlùbọ́, wọ́n dá a padà, wọ́n yọ ìrù. Kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n ti kúrò nílé. Afárá Third Mainland ò pé kìlómítà 12, ṣùgbọ́n gó-sílóò mú wọn lórí ẹ̀ débi pé Kẹ́hìndé pe ìyá ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, ìyá ẹ̀ sì ń rò pé ó ti dé Lọ́ndọ̀nù. Wọ́n tò síbi báàgì, wọ́n tò síbi ìwé ìrìnnà, wọ́n tún bọ́ bàtà. Ó bà ní Heathrow, ó tò, ó wọ ọkọ̀ ojú irin, ó tún wọ bọ́ọ̀sì. Bí a bá kà á láti ẹnu ọ̀nà wa dé ẹnu ọ̀nà tiẹ̀, ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ ká bo àṣírí ara wa.

Ó ní mo ń jowú. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà.

Àlàbí lọ o. Ó dé láyọ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀ wú, ó ní òun ò mọ ọjọ́ tí òun wà mọ́, pé wọ́n fún òun ní oúnjẹ àárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìsí alẹ́ láàárín. Ó sì fi aago mẹ́sàn-án alẹ́ tiwọn ṣe àkókò tó máa ń pe Télọ̀, aago kan òru tiwa nìyẹn, Télọ̀ á sì máa pariwo lórí fóònù bí ẹni pé ohùn ló gbọ́dọ̀ fi sọdá òkun. Gbogbo àgbàlá ló mọ ohun tó ń lọ ní Bahia báyìí. A mọ̀ pé àwọn obìnrin ń wọṣọ funfun láti òkè délẹ̀, wọ́n ń fi epo pupa dín àkàrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, wọ́n á là á, wọ́n á kó edé sí i nínú. A mọ̀ pé ní ọjọ́ kejì oṣù February, gbogbo ìlú ń kó òdòdó lọ fún Yemọja létí òkun ní Rio Vermelho. Bàbá Àgbà ní kí wọ́n gbé fóònù sétí àwọn kí àwọn gbọ́ ìró òkun yẹn. Télọ̀ gbé e sí wọn létí. Wọ́n ní kò yàtọ̀ sí ti Bar Beach àtijọ́.

Ọmọ Lándílọ́ọ̀dù ló mú ìròyìn kejì wá: ní oṣù August 2025, ìjọba Nàìjíríà àti ti Bràsíìlì fọwọ́ sí àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ bàálù, kí ọkọ̀ òfuurufú lè máa lọ tààrà láàárín ìlú méjèèjì. São Paulo ni wọ́n ń dárúkọ. Ó ti wọn ìyẹn náà, bíi 6,350 láti Èkó. Bàbá Àgbà ní ohun tí bàbá àwọn sọ nípa ọkọ̀ Moloney náà nìyẹn, pé kí wọ́n ṣáà gbéra ná. Fọkanáísà ní bí wọ́n bá fẹ́, òun ṣì ní ọgbọ́n kan sí i tó máa dín epo kù.

Èyí tó wá pa mí lẹ́rìn-ín ni ti alẹ́ àná. Àlàbí pe fídíò, gbogbo wa péjọ, ó ń sọ fún wa bí àwọn ilé òrìṣà tó wà níbẹ̀ ṣe ń lo obì, bí obì tó bá ti ọ̀dọ̀ wa lọ ṣe níyì lójú wọn tó, àti iye tí wọ́n tà á fún un. Ó dárúkọ iye ọ̀hún. Ìyá Ìbejì ti ń lọ sùn nígbà náà. Mo rí i tó yíjú padà, tó já fóònù gbà lọ́wọ́ Télọ̀.

"Àlàbí, ọmọ mi, ṣé ara ń le? Bàálù tààrà tí wọ́n ní ó ń bọ̀ yẹn, bá mi béèrè lọ́wọ́ wọn: kìlò mélòó ni wọ́n máa gbà fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́?"